Ẹni Tí Àrùn Bá Bá Wálé, Ǹjẹ́ Ó Jẹ̀bi?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ojú ìwé yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣègùn nìkan. Ìbéèrè nípa ìwà ni. Bí ọmọ ìlú kan bá ti àjò bọ̀, tí àrùn tí kò mọ̀ pé ó wà lára òun bá a wálé, tí àrùn náà sì ran ará ilé rẹ̀, ǹjẹ́ a lè wí pé ó jẹ̀bi? Bí a bá sì gbà pé kò jẹ̀bi, ǹjẹ́ ìlú tí ó dá a dúró ní ẹnu ibodè ṣe ohun tí ó tọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dáhùn wàrà, wọn yóò ní, "Ọ̀rọ̀ àìsàn, Ọlọ́run nìkan ni ó yé." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ń dúró sí ẹnu ibodè. Ènìyàn ni ń dúró síbẹ̀, ènìyàn náà ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta. Nítorí náà ó di dandan kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó tọ́ kí ènìyàn ṣe.

Ní Èjìgbò ni ìbéèrè yìí ti kúrò ní àròyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó di ohun tí ojú rí. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò àti àwọn ìletò rẹ̀ ni ó mọ̀ pé ilé méjì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ní: ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, èkejì wà ní Côte d'Ivoire. Láti ayé àwọn baba wa ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan àti ní àwọn ìlú mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ̀ a máa gbéra ní Èjìgbò, a máa gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, títí yóò fi dé Abidjan. Bí ènìyàn bá dé ọjà Èjìgbò, ó lè gbọ́ tí ẹni méjì ń ná ọjà ní èdè Faransé, tí èdè náà sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Owó tí a rí ní ọ̀hún ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà ní ìlú náà, òun ni a sì fi rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ìwé. Kò yà mí lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí wà lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ń tàn ká gbogbo ayé, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ń ti ibodè wọn, 127 ènìyàn tí ó ti Côte d'Ivoire bọ̀ dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n tú ká lọ sí ilé kálukú. Èjìgbò ni a kó wọn sí, ní ibi ìyàsọ́tọ̀, a sì yẹ ara wọn wò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a kò rí àrùn náà lára wọn, ṣùgbọ́n a rí i lára àwọn tí ó lé ní 10. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan ní, "Wọ́n ti gbé ikú wálé wá bá wa." Àwọn mìíràn ní, "Ọmọ wa ni wọ́n. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ bá ìyá wọn."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí síwá, mo sì ti rò ó sẹ́yìn, mo sì rí i pé àìmọ̀ kan náà ni ó wà ní ìdí wọn. Àwọn ti ìṣáájú ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àrùn jẹ́ ẹrù tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì. Àwọn ti ìkẹyìn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ tí ìyá ní sí ọmọ lè dá àrùn dúró ní ẹnu ọ̀nà. A kò lè dá ẹjọ́ yìí dáadáa bí a kò bá kọ́kọ́ mọ irú ohun tí àrùn náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

Ohun tí ó ń fa kòrónà, èéyi, rọpárọsẹ̀ àti ṣànpọ̀nná ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. A máa ń pè é ní kòkòrò nínú èdè wa, nítorí pé a kò ní orúkọ mìíràn fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò bí a ti mọ kòkòrò. Kòkòrò a máa jẹun, a máa dàgbà, a sì máa bí ọmọ nípa agbára ara rẹ̀. Àwọn bakitéríà pàápàá, bí wọ́n ti kéré tó nì, ń ṣe gbogbo èyí. Fáírọ́ọ̀sì kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí a bá tú u wò, ohun tí a óò bá kò pọ̀: àkọsílẹ̀ kan tí ó gùn bí okùn, tí ó sọ bí a ti í ṣe fáírọ́ọ̀sì mìíràn; èèpo kan tí ó bo àkọsílẹ̀ náà; àti, ní ara àwọn kan, aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè èèpo. Nítorí aṣọ ọ̀rá yìí ni a ṣe ń sọ fún yín pé kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́: bí ọṣẹ ti ń tú ọ̀rá ọbẹ̀ kúrò lára abọ́ náà ni ó ń tú aṣọ kòrónà, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ sì ń fọ́nká. Ní ti títóbi rẹ̀, bí a bá to 10,000 fáírọ́ọ̀sì kòrónà sí ìlà kan, gbogbo wọn yóò gùn tó bí mìlímítà 1.

Kì í ṣe inú ènìyàn ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, inú ewé tábà ni. Ní ọdún 1892, ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Dmitri Ivanovsky gún ewé tábà tí ó ń ṣàìsàn, ó sì sẹ́ omi rẹ̀ nínú asẹ́ tí bakitéríà kankan kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀ omi tí a ti sẹ́ náà kó àrùn ran ewé mìíràn. Ní 1898, Martinus Beijerinck, ará Họ́láńdì, ṣe irú àyẹ̀wò kan náà, ó sì fún ohun àìrí náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí oró ní èdè Látìnì. Ọdún 1939 ni a tó fi ojú rí i, nígbà tí àwọn ará Jámánì fi awò titun tí ó lágbára púpọ̀ wò ó.

Báwo wá ni ohun tí kò lè mí, tí kò lè rìn, ṣe ń pa ènìyàn? Àwọn àgbà wí pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ara wa jẹ́ àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilẹ̀kùn tí ó ń lò fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ṣóńṣó tí ó wà lára kòrónà bá irú ilẹ̀kùn kan mu, bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo mu, ilẹ̀kùn náà sì wà nínú imú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Fáírọ́ọ̀sì tí ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ kò lè mú ènìyàn, nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn rẹ̀ lára wa. Nígbà tí èyí tí ó bá wa mu bá sì wọlé, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan fúnra rẹ̀. Yóò tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yóò kà á bí ẹni pé ọ̀gá wọn ni ó fi ránṣẹ́, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú, tí àwọn titun yóò sì jáde lọ kan ilẹ̀kùn mìíràn. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni: bí ó ti rí gan-an nìyí.

Yàrá tí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ ni ó ń sọ irú àìsàn tí yóò ṣe. Ti ibà pọ́njú ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà ni ojú fi ń pọ́n. Ti rọpárọsẹ̀ ń wọ inú iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ a sì rọ. Ti dìgbòlugi ń gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ. Ti éèdì ń pa àwọn ọmọ ogun tí ó yẹ kí ó gba ara sílẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìsàn jẹ́ iṣẹ́ ara fúnra rẹ̀. Ibà tí ń gbóni jẹ́ iná tí ara ń dá láti lé àlejò búburú. Nígbà mìíràn ìjà náà a máa pọ̀ jù, bí ó ti rí fún àwọn kan tí kòrónà mú, tí omi ogun ara wọn kún inú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ìbéèrè wa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò. Láti ọjọ́ tí kòrónà bá wọ inú ara títí di ọjọ́ tí ara yóò mọ̀ ọ́n, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 14. Ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ó wọ́pọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ènìyàn lè ti máa fi èémí rẹ̀ ran ẹlòmíràn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n rárá, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń ràn. Ọkọ̀ tí ó kúrò ní Abidjan lè dé Èjìgbò pẹ̀lú ẹni tí ó le koko nínú rẹ̀, tí kò wú ikọ́ ẹyọ kan ní gbogbo ọ̀nà, kí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó gbé e.

Àlàyé yìí ti jẹ́ kí a rí ohun kan: fáírọ́ọ̀sì kò ní ìkà nínú. Kò mọ̀ wá, kò kórìíra wa. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti rí i pé nǹkan bí 8 nínú 100 àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jẹ́ ìyókù àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ó wọ ara àwọn ẹni àtijọ́, tí wọn kò sì jáde mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyókù yìí ni ara ń lò láti ṣe ibi ọmọ, èyí tí ó so oyún mọ́ ìyá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá fáírọ́ọ̀sì ṣe ẹjọ́, kí ó rántí pé nínú ohun tí ó gbé òun títí a fi bí òun, ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bí kò bá wá sí ìkà nínú àrùn, tí ẹni tí ó gbé e kò sì mọ̀, níbo ni ẹ̀bi ti lè wọlé?

Mo wí pé nǹkan méjì wà tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀: kí ohun kan gba ọwọ́ ènìyàn wá, àti kí ènìyàn jẹ̀bi ohun náà. Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ wa láàárín Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àrùn kan wà tí ń mú ẹ̀gẹ́, tí ewé rẹ̀ a di àdíkálà, a sì ká kò. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Eṣinṣin funfun kékeré kan ni ó ń gbé e, igi ẹ̀gẹ́ tí a gé fún gbígbìn sì ń gbé e pẹ̀lú. Àgbẹ̀ kan gé igi ẹ̀gẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdí kan, kò gba owó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oko ọ̀rẹ́ náà ká kò. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni yóò pe àgbẹ̀ yìí lẹ́jọ́? Rárá o, oore ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí i pé ewé tirẹ̀ ti ká, tí ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, tí ó sì gé igi náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti yí padà. Àrùn kan náà ni, oko kan náà ni, ìpalára náà kò sì dín, kò lé. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìmọ̀ àti ìpamọ́.

Nítorí náà ìdáhùn mi sí apá kìn-ín-ní ìbéèrè wa ni pé ẹni tí àrùn bá wálé láìmọ̀ kò jẹ̀bi. Síbẹ̀ kí a má ṣe rò pé ẹni tí kò jẹ̀bi kò ní ojúṣe. Bí ó bá ti gbọ́ pé ibi tí òun ti ń bọ̀ kò dára, ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ojúṣe sì ń bá a wọlé: kí ó sọ ibi tí ó ti ń bọ̀, kí ó dúró títí ọjọ́ yóò fi pé, kí ó gbà kí a yẹ òun wò. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola ti Liberia dé Èkó. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun kò sún mọ́ ẹni tí àrùn náà ṣe. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò gbà kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà a wá àwọn tí ó ti sún mọ́ àwọn aláìsàn náà kiri, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá a kéde pé ó ti tán. Ìlú tí èrò pọ̀ bí Èkó yè nítorí pé ẹnì kan béèrè òtítọ́, kò sì gbà kí a fi ohun mìíràn dípò rẹ̀.

Ó kù kí a béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń pa àrùn mọ́. Bí mo bá wí pé ìwà búburú ni, mo ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Ṣànpọ̀nná. Ní ayé àtijọ́ a kì í pe orúkọ rẹ̀ gbangba. A ní Ilẹ̀ Gbígbóná, a ní Olóde. Àwọn baba wa kò gọ̀: wọ́n mọ̀ pé ó ń ràn, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n sì ń ya aláìsàn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n a ti sọ àìsàn di ẹjọ́. Ẹni tí ó mú, a ní ó ti ṣẹ Ọba náà. Bí ó bá kú, ará ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá. Àwọn àwòrò ni ń sin òkú náà, àwọn náà ni ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní 1907 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn náà. Ìtàn sì sọ pé Dókítà Oguntola Sapara, oníṣègùn ọmọ Yorùbá, ti kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà láti mọ àṣírí wọn. Èmi kò fẹ́ bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: níbi tí àìsàn bá ti di ẹ̀ṣẹ̀, tí jíjẹ́wọ́ rẹ̀ yóò gba ọmọ, gba ẹkún, tí yóò sì gba ẹrù lọ́wọ́ ènìyàn, ta ni yóò jẹ́wọ́? Ìlú tí ó bá fi ìtìjú jẹ aláìsàn níyà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìpamọ́. Bí ìpamọ́ náà bá wá pa ìlú, ẹ̀bi rẹ̀ kò ní jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní òpin ọdún 1966, ní agbègbè Ogoja, oògùn àjẹsára ṣànpọ̀nná kò tó láti fi gún gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò gún gbogbo ìlú mọ́. Ilé tí aláìsàn wà ni wọ́n ń wá, tí wọ́n sì ń gún àwọn tí ó yí i ká, títí àrùn náà kò fi rí ilẹ̀kùn kan mọ́. Ọgbọ́n yìí ni a lò káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó mú ní Nàìjíríà, ní 1977 ni a rí ti ìkẹyìn tí ó tàn fúnra rẹ̀ ní gbogbo ayé, ní Somalia, ní 1980 a sì kéde pé ó ti parẹ́. Ó rọrùn díẹ̀ nítorí pé ara ènìyàn nìkan ni ṣànpọ̀nná ń gbé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n náà rọ̀ mọ́ ohun kan: kí ẹnì kan fi ìka tọ́ka sí ilé kan, kí ó ní, "Ó wà níbí," láìbẹ̀rù pé a óò fi ilé náà ṣẹ̀sín.

Mo wá dé apá kejì ìbéèrè wa. Ǹjẹ́ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti dá ọmọ rẹ̀ dúró? Mo ní ó ní i. Bí a bá mọ̀ pé ẹni tí ó le lè máa ran ni, tí a sì jẹ́ kí ó wọ àárín àwọn arúgbó, àwa ni a ti mọ̀ tí a kò sọ̀rọ̀; àwa ni a dà bí àgbẹ̀ tí ó gé igi ẹ̀gẹ́ aláìsàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ yàtọ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí a yà sọ́tọ̀, ó yẹ kí ó mọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Ó yẹ kí ó jẹun, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ó yẹ kí a ronú ọjà rẹ̀ tí ń bàjẹ́ àti àwọn ọmọ tí ń wo ojú rẹ̀, nítorí pé ìlú ni ó ń jẹ èrè ìdúró rẹ̀, kò sì tọ́ kí òun nìkan san owó rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá sì pé, kí a gbà á wọlé pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ oníkòrónà.

Àwọn kan lè ní, "Kí ni a ń fi gbogbo èyí ṣe? Ẹ fi ọlọ́pàá sí ẹnu ibodè, ó parí." Mo fẹ́ kí wọ́n rántí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni a ti ti ibodè ilẹ̀ Nàìjíríà, kí kòrónà tó dé rárá, síbẹ̀ ènìyàn wọlé. Ọlọ́pàá kò lè rí ohun tí ojú kò rí. Ní ọdún 2020, ní Ẹdẹ tí kò jìnnà sí Èjìgbò, àwọn onímọ̀ ní Redeemer's University ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tí a rí lára ẹni àkọ́kọ́ tí kòrónà mú ní Nàìjíríà, wọ́n sì kà á tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ Áfíríkà kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí fún àrùn náà. Iṣẹ́ ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ ní ayé kò lè ka ohun tí ó wà nínú imú ẹni tí ó ti gba ọ̀nà oko sá lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni yóò mú un wá, ìgbẹ́kẹ̀lé kì í sì í ti ẹnu ìbọn jáde.

Àwọn àgbà Èjìgbò ní ìtàn kan nípa ìdí tí ìhà méjì ìlú fi ń na ara wọn ní àtòrì ní ọdún Òrìṣà Ògìyán. Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ nìyí. Babaláwo kan, ọ̀rẹ́ ọba, lọ sí àjò fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó padà, ó béèrè ọba lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú orúkọ àwàdà tí àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn nígbà àtijọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò wádìí. Wọ́n nà án, wọ́n sì tì í mọ́lé. Láti ọjọ́ náà òjò kò rọ̀ mọ́, obìnrin kò lóyún mọ́, títí a fi mọ̀ pé a ti ṣẹ aláìṣẹ̀, tí a tú u sílẹ̀, tí a sì bẹ̀ ẹ́. Ètùtù tí ó ní kí a ṣe ni pé kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn náà kò dá àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́bi nítorí pé wọ́n dúró sí ẹnu ibodè. Iṣẹ́ wọn ni. Ẹ̀bi wọn ni pé wọ́n dájọ́ kí wọ́n tó béèrè, tí wọ́n sọ ẹni tí ó ń bọ̀ wálé di ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kòrónà nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ 2 láti kúrò, ọ̀pọ̀ ará wa sì fi ọjà sílẹ̀ bọ̀ wálé. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ẹni tí a ń fi ojú àlejò wò ní ọ̀hún, bí a bá tún fi ojú àlejò wò ó ní ilé, ibo ni yóò sọ òtítọ́ rẹ̀ sí? Àrùn mìíràn yóò dé, bópẹ́ bóyá, yóò sì gba ọ̀nà tí àwa náà ń gbà: inú ọkọ̀, inú ọjà, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìdìmọ́ra. Kò sí bí a ti lè ti gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kí a sì tún jẹ́ ènìyàn. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni irú ìlú tí ẹni tí ń bọ̀ yóò bá.

Nítorí náà, bí a bá bi mí pé ta ni ó jẹ̀bi, èmi yóò ní: kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, nítorí kò ní ọkàn, kì í ṣe ẹni tí ó gbé e láìmọ̀, nítorí ọ̀nà ni omi ń gbà, ọ̀nà kọ́ ni ó rọ òjò. Ẹni tí ó mọ̀, tí ó sì pa á mọ́, ní tirẹ̀ nínú ẹ̀bi. Ìlú tí ó mú kí òtítọ́ wọ́n ju irọ́ lọ fún ọmọ rẹ̀ sì ní tirẹ̀, tirẹ̀ sì ni ó ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ óò di dókítà, olùkọ́, aṣòfin àti baálé ní ọjọ́ iwájú, ẹ̀yin ni ẹ óò dúró sí ẹnu ibodè náà ní ọjọ́ kan. Kí ẹ béèrè kí ẹ tó dájọ́. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ ní kí arákùnrin yín dúró síta fún ọjọ́ 14, kí ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, kí ẹ sì kí i ní orúkọ rẹ̀.